Ẹni Tí Ó Gbá Góòlù Haddleby

"Pa orúkọ yẹn rẹ́, Glenys." Brian Scothern, alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Haddleby, ju ìwé náà sórí tábìlì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da bíà ara rẹ̀ nù. "Kọ ọ́ pé góòlù wọlé. Ó tán."

"Ta ni ó gbá a wọlé? Atẹ́gùn?"

"Ọ̀dàlẹ̀ ni ó gbá a. A kì í tẹ orúkọ ọ̀dàlẹ̀."

Ọdún mẹ́fà ni Glenys Raworth fi kó ìtàn ẹgbẹ́ náà jọ sínú ìwé fún ayẹyẹ ọgọ́fà ọdún rẹ̀. Ife-ẹ̀yẹ kan ṣoṣo ni wọ́n gbà rí, ní ọdún 1983, Colin Wragg ni ó sì gbá góòlù rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn awakùsà èédú yanṣẹ́ lódì. Kí ìjà náà tó parí, Wragg, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, padà wọ inú kòtò èédú lọ ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò kí i mọ́ ní Haddleby. Wọ́n tilẹ̀ fi ìṣó họ ojú rẹ̀ kúrò nínú àwòrán tí ó wà lára ògiri ilé ẹgbẹ́.

"Arthur, bàbá rẹ, ta àga ilé yín jẹun nígbà náà," ni Brian wí. "Bí orúkọ yẹn bá dé ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé lọ́la, ẹgbẹ́ kò lọ́wọ́ nínú ìwé náà. Má sì tún tẹ ẹsẹ̀ rẹ síbí."

"Mo gbọ́."

Inú òjò ni ó gbà lọ sí ilé Wragg. Ọkùnrin náà ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ dí i.

"Ogójì ọdún, ọmọ Arthur, o kò kí mi."

"N kò wá kí ọ lónìí náà. Ìbéèrè ni mo bá wá. Ẹsẹ̀ wo ni o fi gbá a?"

"Wọ́n ní ó kàn bà mí ní orúnkún ni, àbí? Elékèé ni wọ́n. Ẹsẹ̀ òsì ni."

Glenys kọ ọ́ sílẹ̀.

"Kí ni o kọ nípa kòtò?"

"Ọjọ́ tí o padà síbẹ̀. Abẹ́ ìtàn góòlù rẹ gan-an ni mo kọ ọ́ sí."

"Ìyàwó mi ń ṣàìsàn! Ṣé o kọ ìyẹn?"

Ó kọ ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ojú sókè. "Ìyá mi náà ṣàìsàn. Bàbá mi kò padà sínú kòtò."

"Pa orúkọ mi rẹ́, nígbà náà. N kò fẹ́ wà nínú ìwé yín!"

"Kò ṣeé pa rẹ́. Ìwọ ni o gbá a wọlé."

Wragg pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn lójú.

Ní òwúrọ̀, òǹtẹ̀wé bi Glenys bóyá àtúnṣe kankan kù.

"Ẹyọ kan." Glenys mú kálàmù, ó kun àmì ẹgbẹ́ tí ó wà lára èèpo ìwé náà títí kò fi hàn mọ́. "Tẹ ìyókù bí ó ti wà."