Ìwádìí Lórí Igi Tí Wọ́n Ti Gé

Ní ọdún 1974, ìjọba pinnu láti tún àdúgbò Gàmbàrí ṣe kó lè dà bí ìlú òyìnbó. Títì tó gbòòrò máa gba iwájú ilé àwọn èèyàn, àwọn igi dóńgóyárò ibẹ̀ á sì kúrò lọ́nà. Ṣùgbọ́n ìjọba aláàánú ni. Kò fẹ́ gégi láìkọ́kọ́ ṣèwádìí. Wọ́n bá rán Olúyẹmí, ọmọ Ọ̀mù-Àrán tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ètò ìlú, pé kó lọ wo ìpalára tí gígé àwọn igi náà lè fà.

Ó débẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ó bá gbogbo igi nílẹ̀.

Ìyá Talatu, opó kan tó ń hunṣọ, jókòó sórí kùkùté, oòrùn ń pa á. Olúyẹmí kí i, ó ṣàlàyé iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ojú sì ń tì í bó ṣe ń sọ ọ́. Ìyá ní abẹ́ igi yìí lòun ti ń hunṣọ látìgbà tóun ti wọlé ọkọ, òun ò sì mọ ibi tóun máa gbé òfì òun lọ.

"Ọmọ mi," ló wá bi í, "ṣé ìwádìí yín ló pẹ́ ni, àbí àáké yín ló yá jù?"

Olúyẹmí kọ ọ̀rọ̀ Ìyá sínú ìwé rẹ̀. Ó padà lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀, Alhaji Abdulganiyu, pé ìpalára wà. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín.

"Igi wo? Níbi tí kò ti sígi mọ́, kí ni gígé igi fẹ́ bà jẹ́?"

Wọn ò kọ́ Olúyẹmí nírú ọgbọ́n yẹn ní yunifásítì.

Inú ooru oṣù Ẹrẹ́nà ni wọ́n ṣí títì náà. Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ gígùn lórí ẹwà ìlú tuntun, òógùn ń bò ó, kò sì tíì sọ ọ́ dé ìdajì tó fi ṣubú. Kò síbòji nítòsí, ni wọ́n bá gbé e wọ yàrá Ìyá Talatu. Ìyá fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ títí ó fi lajú.

Olúyẹmí rò pé ọ̀gá ti gbọ́n wàyí. Ó gbọ́n lóòótọ́: ó ní kí ọ́fíìsì lọ ra agboòrùn ńlá.

Inú bí Olúyẹmí. Ó lọ wá ọmọ igi dóńgóyárò kan, òun àti Ìyá gbìn ín sétí títì, wọ́n fi ẹ̀gún yí i ká nítorí ewúrẹ́.

Kò pẹ́ tí ọ́fíìsì fi rán an níṣẹ́ mìíràn: kó lọ wádìí bóyá igi tuntun yẹn lè ba títì jẹ́. Olúyẹmí gbà tayọ̀tayọ̀. Ó ní iṣẹ́ ńlá ni, kò ṣeé kánjú ṣe rárá.