Ẹni Tó Gé Koríko Ibi Èèwọ̀

Ṣàà, ṣàà, ṣàà. Bí bàbá mi ṣe máa ń fi òkúta pọ́n dòjé onígi gígùn rẹ̀ nìyẹn láàárọ̀ ìgbà ooru. Ohùn náà a la ògiri já, a bá èmi àti Salvör àbúrò mi lórí ibùsùn, a ó sì mọ̀ pé ìrì ṣì wà lára koríko, iṣẹ́ yá nìyẹn. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tí mo ti kúrò ní Íslándì, tí mo wá ń ṣe káfíńtà ọkọ̀ ojú omi ní Esbjerg, ní Dẹ́nmáàkì níbí. Síbẹ̀, bí aládùúgbò mi bá ń pọ́n ọ̀bẹ, ẹsẹ̀ mi a bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà fúnra rẹ̀.

Koríko la fi ń la òtútù já nílé wa. Bó bá kún àká, àgùntàn á yè. Bí kò bá kún, Ọlọ́run ló mọ̀. Kò sí igun tá a kì í gé nínú oko wa, àfi ibì kan ṣoṣo lábẹ́ òkè, tó fẹ̀ tó ilẹ̀ ilé kan, tí òkúta ńlá kan jókòó sí láàárín. Ibi Èèwọ̀ là ń pè é. Àwọn Ẹni-Ìpamọ́ ló ni ín, àwọn tó ń gbé inú òkúta, tí màlúù tiwọn náà ń jẹ koríko. Ìyá bàbá wa ní ẹni tó bá fi dòjé kàn án, ara rẹ̀ tàbí ẹran rẹ̀ ni yóò fojú winá rẹ̀.

"Ta ló ti gé e rí, Ìyá àgbà?" mo bi í.

"Ẹni tó gé e ti kú."

"Àwọn tí ò gé e náà ti kú," ni Salvör wí. Ìyá àgbà fi ṣíbí gbá a lórí.

Létí Ibi Èèwọ̀ yẹn la ti máa ń mu kọfí. Bí dòjé Bàbá bá débẹ̀, kò ní ibi tó fẹ́ bá lọ mọ́, a jókòó. Mi ò rántí pé mo rí i kó sinmi níbòmíràn lójú iṣẹ́.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mo fẹ́ fi hàn pé mo ti di ọkùnrin. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan mo dìde ṣáájú Bàbá, mo gbé dòjé lọ sóko. Kùrukùru ọjọ́ náà pọ̀ débi pé mi ò rí bàtà ẹsẹ̀ mi. Mo ń gé lọ, orí mi ń wú, àfi kàn-ín! Irin kọ lu òkúta. Mo fọwọ́ tọ́ ọ, mo mọ̀ ọ́n. Ibi Èèwọ̀ ni mo wà, mo sì ti gé e ju ìlàjì lọ. Mo kó koríko náà dà mọ́ ti ìyókù oko, mo sá padà sórí ibùsùn.

Nígbà tí ojú ọjọ́ là, Bàbá dúró létí ibẹ̀, ó ń wo ibi tí wọ́n ti gé. Salvör ló ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé, ó kó koríko tútù mọ́yà fún ọ̀dọ́ àgùntàn kan tí ìyá rẹ̀ kú.

"Níbo lo ti gé ìyẹn?"

"Níbi tí koríko wà."

"Salvör!"

"Bàbá, ẹ ti mọ ìdáhùn tó wù yín kẹ́ ẹ tó bèèrè."

Olóríkunkun ni. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, tí gbogbo àdúgbò gẹṣin lọ kó àgùntàn wálẹ̀ látorí òkè, ọjọ́ táwọn ọmọdé ń fi gbogbo ọdún retí, Bàbá ní kí Salvör jókòó sílé. Bí mo ṣe ń gẹṣin kọjá mo rí i lójú fèrèsé. Ó yọ ahọ́n sí mi.

A wá ń retí ìyà. Gbogbo ìgbà òtútù la fi retí ẹ̀, kò dé. "Wọ́n ń ṣe sùúrù ni," ni Ìyá àgbà wí. Bí wàrà bá dànù, "Salvör!" Bí òjò bá bá koríko nílẹ̀, "Salvör!" Nígbà tó yá ó di ẹ̀fẹ̀ ilé. Òun fúnra rẹ̀ a tẹrí ba: "Èmi ni o. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Èmi tí mo mọ ẹni tó gé e ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi kán nínú iṣẹ́ ní Esbjerg, ohun tí mo sọ lọ́kàn ni pé, wọ́n ti dé. Nígbà tí ọkọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi kàn rì létí èbúté, tí afẹ́fẹ́ kankan ò fẹ́, mo ní wọ́n tún dé. Karen ìyàwó mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Hallur, igi ló jẹrà." Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kàn-ín yẹn, mi ò gbé irin síbì kankan rí láìkọ́kọ́ fọwọ́ wá ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá mi ní káfíńtà tó fara balẹ̀ bíi tèmi ṣọ̀wọ́n. Ayé mi dáa, mi ò lè purọ́.

Lóṣù tó kọjá, Salvör pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, o ṣì wà láyé?"

"Mo wà. Ṣé o ti darúgbó?"

"Èmi kọ́, eékún mi ni."

Lẹ́yìn náà ló sọ tẹnu rẹ̀. Bergur, ọkọ ọmọ rẹ̀ tó ń dá oko bàbá wa báyìí, fẹ́ kí katakata wá tẹ́ Ibi Èèwọ̀ pẹrẹsẹ, kí ẹ̀rọ ìgékoríko lè máa lọ tààrà. Ìyàwó Bergur ní kò ṣeé ṣe. Ìjà ọ̀hún ti dé orí tábìlì oúnjẹ.

"Ṣó o mọ ohun tí Bergur ń wí? Ó nàka sí mi! Ó ní, 'Ìyá gé e nígbà èwe wọn, ẹ wò wọ́n, ẹni ọgọ́rin ọdún, eyín wọn pé, wọn ò dé ilé ìwòsàn rí àyàfi tí wọ́n bá fẹ́ bímọ.' Èmi ni ẹ̀rí ẹ̀!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Ọjọ́ Ajé ni katakata ń bọ̀. Wọ́n ní ohun tí mo bá sọ labẹ gé. Kí ni kí n wí?"

"Ìwọ fúnra ẹ, ṣó o gbà pé wọ́n wà?"

"Ta ni? Rárá o. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí wọ́n kó lọ."

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò ó. Bàbá ti kú, ta ló fẹ́ nà mí? Ẹ̀rín rẹ̀ ni mò ń bẹ̀rù, pé bí mo bá sọ ọ́, kó má lọ dákẹ́ lójijì. Ẹ̀wù tó jẹ́ tèmi ló ti wọ̀ láti ìgbà ọmọdé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Karen gbé kọfí síwájú mi, ó wo fóònù tó wà lọ́wọ́ mi.

"Ta lò ń kọ̀wé sí tó o fi ń làágùn báyìí?"

"Salvör ni."

"Kí ló ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún un náà nìyẹn."

Àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ rèé:

"Salvör, èmi ni mo gé e. Kùrukùru ló bò mí lójú, ojo ló sì dì mí lẹ́nu nígbà tí Bàbá ń bi ọ́. Ìwọ ló yẹ kó o lọ kó àgùntàn lọ́dún yẹn, kì í ṣèmi. Dárí jì mí. Sọ fún Bergur pé ẹni tó fi ṣẹ̀rí kọ́ ló gé e. Ẹni tó gé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ọkọ̀ rẹ̀ rì, orí rẹ̀ sì ti pá láti ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Kó dá katakata padà. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ Ẹtì ni mò ń bọ̀. Bó o bá máa gbá mi létí, jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó ná."