Ẹja Tó Ń Tẹ̀ Lé Òṣùpá

Bí ẹ bá rí ọmọkùnrin kan ní Hanoukopé, àdúgbò kan ní Lomé, tó ń yí ilé kan po, tó ti kọjá lẹ́nu ọ̀nà ibi tó ń wá láìmọye ìgbà, tí kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè, ẹ má pè é ní wèrè. Dàmọ́lá ni. Ṣakí ni wọ́n bí i sí, Ifẹ̀ ló ti kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò, ṣùgbọ́n nígbà tó dé Lomé, Gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí rà. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ló gbà á ní tìṣà Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣirò tó kù lórí rẹ̀ kò rí iṣẹ́ ṣe, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi wá ọ̀nà kiri ìlú.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Dàmọ́lá ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà ti ba adùn ìrìn jẹ́. Bí ẹni tó ṣí ẹ̀yìn ìwé wo ìdáhùn ló rí lójú rẹ̀. Ibi tó fẹ́ràn jù ní Lomé nígbà tó kọ́kọ́ dé ni ìsọ̀ baba kan tó ń ta ìwé àlòkù, níbi tó ti máa ń ra àwọn ìwé ayò ọ̀rọ̀ tí àwọn Faransé ń pè ní *mots croisés*. Ẹlòmíràn á ti fi pẹ́ńsù kọ ìdajì rẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Dàmọ́lá á jókòó, á máa pa àṣìṣe ẹni tí kò rí rí náà rẹ́. Ó ti bá ẹni náà jà gidigidi lórí orúkọ odò kan ní ilẹ̀ Faransé, ó bú u ní púrúǹtù, ó pa odò náà rẹ́, ó kọ tirẹ̀ sí i. Nígbà tó yá ló rí i pé odò ẹni náà ló tọ̀nà. Kò sì mọ ẹni náà tí ì bá fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ Jọkẹ́ wá kó sí lọ́kàn.

Jọkẹ́ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oògùn kan nítòsí ilé ẹ̀kọ́ náà. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣòwò, tí kò padà mọ́, Lomé ni wọ́n sì bí i sí. Àwọn òbí rẹ̀ ti kọ́lé sí Avépozo, lẹ́bàá òkun. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni Dàmọ́lá ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó mú òun lọ kí ìyá rẹ̀. Wọ́n ní obìnrin náà kì í tètè rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé báńkì kan tó kọ́kọ́ lọ tọrọ Jọkẹ́ níbẹ̀, ọwọ́ ló fi mú bàtà rẹ̀ jáde.

"O ti ń rìn kiri ìlú yìí tipẹ́," Jọkẹ́ sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Kí lo rí?"

"Ohun tí ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí ò rí."

"*Ah bon?* Ó dáa. Mú mi lọ síbi tí n ò jẹun rí ní Lomé, kí oúnjẹ ibẹ̀ sì dùn. Ọjọ́ Ìsinmi tó bá tẹ̀ lé e, màá mú ẹ dé Avépozo. Bí o ò bá rí i, àlejò lo ṣì jẹ́. Àlejò kì í sì í tọrọ ọmọ onílé."

Dàmọ́lá rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ohun tó rọrùn ni.

Ó kọ́kọ́ mú un lọ sọ́dọ̀ Sùlìámọ́nù, tó ń din ẹyin sínú búrẹ́dì lábẹ́ tápólì. Kí wọ́n tó jókòó, Sùlìámọ́nù ti gbójú sókè: "Jọkẹ́, a ò ní fi àlùbọ́sà sí i, àbí?" Ó tún mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń ta kọ́ọ̀mù, ẹ̀kọ kíkan ibẹ̀, àti ẹja díndín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Obìnrin ibẹ̀ ń béèrè bí ẹsẹ̀ ìyá Jọkẹ́ ṣe ń ṣe. Ó wá gbé e lọ sétí òkun, sọ́dọ̀ ọkùnrin alágbọn kan tó dá a lójú pé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n.  Alágbọn náà wo Jọkẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì bẹ́ àgbọn tó ní ẹran rírọ̀ nínú fún un, irú èyí tó máa ń rà. Dàmọ́lá mu omi àgbọn tirẹ̀ bí ẹni ń mu àgbo ibà.

Ìgbà náà ló rí àwọn káfíńtà.

Àwọn káfíńtà kan wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wọn. Dàmọ́lá kíyè sí i pé láàárọ̀, wọ́n á bọ́ sí ọ̀nà tóóró kan tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ wọn pẹ̀lú ojú líle, wọ́n á sì padà wá pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì. Ẹlòmíràn wọn á máa lá ìka. Kò béèrè. Ó ṣọ́ wọn, ó gbọ́ òórùn èéfín, ó wo ìhà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ó ronú jinlẹ̀ lórí ohun tí ọmọ ọdún mẹ́ta ì bá fi ojú lásán rí, níkẹyìn ó bọ́ sí ọ̀nà náà. Ó bá obìnrin kan lábẹ́ páànù, tó ń ta àyìmọ́lù, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀. Kò sí pátákó, kò sí orúkọ. Obìnrin náà fi ata dúdú yí i ká, ó bu gàrí wọ́n ọn lórí, ó fi ẹja díndín kan tẹ́ ẹ.

Nígbà tí Dàmọ́lá jẹ ẹ́ tán, ojú tirẹ̀ náà dà bí ti ẹni tí wọ́n dárí jì.

"*Bonjour, Dada*," ló ń wí láràárọ̀, Dada ni wọ́n ń pe ìyá àti ẹ̀gbọ́n obìnrin níbẹ̀. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì láìtẹríba, nítorí kò sẹ́ni tó ń dọ̀bálẹ̀ ní èdè Faransé.

"*Bonjour, maître*," obìnrin náà á dáhùn, bí wọ́n ṣe ń pe tìṣà. Èdè Mina, èdè ìgboro Lomé, ló ń bá àwọn káfíńtà sọ. Ó ní ilà wẹ́wẹ́ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, Dàmọ́lá sì ti yanjú ìyẹn náà: ará òkè àríwá Tógò lọ́hùn-ún ni, ẹ̀yà Kabiyè. Ó dá a lójú tó bẹ́ẹ̀ tó fi sọ fún Oyèwọlé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní Ṣakí, tó máa ń pè lórí fóònù bó bá ń jẹun.

"Sọ̀rọ̀ sókè, jàre," ó ń wí fún Oyèwọlé. "Kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá níbí."

"Kí ló kún ẹnu ẹ báyẹn?"

"Oúnjẹ obìnrin Kabiyè tí mo wí fún ẹ ni. Ojú rẹ̀ le bí ẹ̀yìn ìjàpá, ṣùgbọ́n ó mọ oúnjẹ sè. Ahun ni, ìyẹn nìkan ni. Ó ń gé ẹja bí ẹni pé ara òun ló ń gé."

"Ìyá Jọkẹ́ tiẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn? Ìkíni méjì péré, Oyèwọlé. Kí n ṣáà ti dé iwájú ẹ̀. Ìkíni méjì, á rọ̀ bíi gàrí inú omi."

Lọ́jọ́ kejì, ẹja inú àwo rẹ̀ kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Dàmọ́lá wò ó títí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó sì sọ fún Oyèwọlé pé bí wọ́n bá fi ata obìnrin yìí kan ètè òkú, òkú á béèrè omi. Ní ọjọ́ kejì ìyẹn, ìrù ẹja yọ síta àwo. Ó tún kéré, ó tún tóbi. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kó sùn dáadáa mọ́. Àdììtú gidi nìyí, tí kò sẹ́ni tó ti fi pẹ́ńsù kọ ìdajì rẹ̀.

"Òṣùpá ni," ó sọ fún Oyèwọlé nígbẹ̀yìn. "Bí òṣùpá bá kún, òkun á ru, ẹja ńlá á wọ àwọ̀n."

"O ò wulẹ̀ bi í?"

"Kí n bi í kẹ̀? Nígbà tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n."

Ìgbà kan wà tí òṣùpá kún, tó ń retí ẹja tó gùn tó apá. Ó gbàgbé pé àárọ̀ àná ìyẹn ni òun fi gèlè obìnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́ títí Oyèwọlé fi ń sunkún ẹ̀rín. Orí ẹja ṣoṣo ló bá nínú àwo. Kò yẹ ìmọ̀ rẹ̀ wò. Ó kàn ní kùrukùru ló bo òṣùpá náà.

Ọjọ́ Sátidé tó mú Jọkẹ́ lọ, ọ̀nà jíjìn ló gbé e gbà, kó má baà mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n gba ojú irin kọjá, wọ́n tún gbà á padà.

"Dàmọ́lá," Jọkẹ́ ní, "a ti rí ajá yìí lẹ́ẹ̀kan."

"Ajá mìíràn ni."

"Ó mọ̀ wá. Ó ń ju ìrù."

Nígbà tí wọ́n bọ́ sí ọ̀nà tóóró náà, Jọkẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì. "N ò débí rí," ó ní.

"Tún un sọ."

"N ò débí rí. *Vraiment.*"

Àyà Dàmọ́lá fẹ̀. Ó ti ń wo ara rẹ̀ ní Avépozo. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò, ó gbóhùn sókè: "*Bonjour, Dada!*"

Obìnrin náà tẹ̀ba lẹ́yìn ìkòkò, ó ń fẹ́ iná. Ó dìde, ó nu èéfín kúrò lójú. Jọkẹ́ sì kúnlẹ̀ sínú lẹ́búlẹ́bú pákó.

"Ẹ káàárọ̀ mà, Ìyá Rachelle."

"Háà, Jọkẹ́. Ìwọ lo débí? Ẹsẹ̀ màmá rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń fúyẹ́?"

Yorùbá ni. Yorùbá tó já gaara. Kétu ni Ìyá Rachelle ti wá, orí àga kan náà lòun àti ìyá Jọkẹ́ sì ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Avépozo. Jọkẹ́ mọ̀ pé ó ń ta oúnjẹ nígboro, kò kàn mọ ibi tó ti ń tà á ni.

Ọwọ́ Dàmọ́lá ṣì wà nínú àpò. Gbogbo àárọ̀ tó ti fi sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ǹṣì yẹn ń tò kọjá lójú rẹ̀ bí àwọn tó ń lọ sin òkú: ìjàpá, ahun, gèlè, gàrí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn káfíńtà dá ayùn dúró. Ọ̀kan nínú wọn fi Mina béèrè bóyá nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ tìṣà.

"Ẹ dárí jì mí, mà," ó ń sọ̀rọ̀ látilẹ̀. "N ò mọ̀ pé ẹ gbọ́ Yorùbá."

"O ò béèrè."

"Ẹ ò sọ, mà."

"Faransé lo fi kí mi, Faransé ni mo fi jẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá ṣe kí wa ní Lomé la ṣe ń dáhùn. Ilà ojú mi yìí ńkọ́, kí lo pè é?"

"Kabiyè, mà."

Ẹ̀rín mú kí Jọkẹ́ di òpó páànù mú kó má baà ṣubú.

"Dìde, o ti kó pákó sára," Ìyá Rachelle ní.

Dàmọ́lá dìde. Ó yẹ kó dákẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń yún un lọ́nà ọ̀fun. "Ẹja yẹn ńkọ́, mà? Tó ń kéré, tó tún ń tóbi?"

"Bí o bá bú mi lónìí, orí ẹja lo máa jẹ lọ́la. Bí o bá yìn mí, wàá jẹ àárín. Kí ni ìwọ rò pé ó fà á?"

Dàmọ́lá kò dárúkọ òṣùpá.

"Ìyá Rachelle," Jọkẹ́ ní, ó ń nu omi ojú, "ṣé màmá mi ti gbọ́?"

"Ṣé ó ku èyí tí kò gbọ́ ni? Bí mo bá ti dé ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, á sún mọ́ mi: kí lọmọ Ṣakí tún wí lọ́sẹ̀ yìí?"

Jọkẹ́ jẹun, kò kánjú. Dàmọ́lá kò lè jẹ. Ẹja tirẹ̀, àárín ni, ó sì tóbi, ìyẹn tún wá ń bà á lẹ́rù. Nígbà tí Jọkẹ́ fi omi ṣan ọwọ́ tán, ó ní, "Ó dùn. N ò sì jẹun níbí rí. O borí."

"Ṣé a ṣì ń lọ?"

"Ìwọ lo ní o fẹ́ lọ. Ìkíni méjì ni màmá mi ń dúró dè."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Dàmọ́lá fi ìkíni kọ́ra lórí ọ̀kadà títí dé Avépozo, afẹ́fẹ́ òkun sì ń gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Jọkẹ́ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé àpótí. Dàmọ́lá dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ìsinmi, mà." Ìyá náà ń wò ó. "Ẹ kú ara líle, mà."

"Méjì nìyẹn," ìyá náà ní.

 Ìyá náà ṣẹ́jú sí Jọkẹ́, Jọkẹ́ sì gbé gàrí jáde, pẹ̀lú ṣúgà, ẹ̀pà yíyan àti omi tútù nínú jọ́ọ̀gì. Wọ́n gbé e síwájú Dàmọ́lá. Ó da omi sí i. Àwọn méjèèjì ń wo inú abọ́ náà bí ẹni ń wo iná ìdáná.

"Ó ti rọ̀?" ìyá náà béèrè.

"Ó ṣì le díẹ̀, mà."

"Kó máa wà nínú omi náà. Kò sẹ́ni tó ń lé ọ."

Dàmọ́lá fi ṣíbí bù ú. Ó tutù, ó kan díẹ̀, ẹ̀pà ń rún lẹ́nu rẹ̀, afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ sí i lọ́rùn níbi tó ti ń làágùn. Nínú gbogbo ibi tó ti wá kiri ní Lomé, kò tíì jẹ ohun tó dùn tó o. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ibi tí irú gàrí bẹ́ẹ̀ ti lè wá, ó wo àwọ̀ rẹ̀, ó tún tọ́ ọ wò.

"Légbassito, lẹ́yìn ìlú, ló ti wá," ìyá náà ní, bí ẹni pé ó rí inú orí rẹ̀. "Obìnrin kan ló ń yan án níbi igi máńgò tí wọ́n ti gé. Wàá rà á wá fún mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí o bá débẹ̀, béèrè."

Jọkẹ́ wò ó. "Ṣé wàá béèrè?"

"Màá kọ́kọ́ wá a ná," Dàmọ́lá ní.

Oòrùn ti mú gan-an lọ́jọ́ tí àwọn ará Légbassito rí ọmọkùnrin kan tó ń ti kùkùté kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà tó di pé gbogbo kùkùté jọra lójú rẹ̀, ó rí obìnrin kan tó jókòó ti agbada gàrí. Kò sí ilà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n Dàmọ́lá kò tún fẹ́ ṣe àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyẹ̀pẹ̀ pupa.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà."

Obìnrin náà wò ó, ó dá ọwọ́ dúró, ó wo ilẹ̀ yí i ká. Lẹ́yìn náà ó fi èdè Ewé bi í bóyá nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.