Kọ̀ǹpútà Tó Ń Bèèrè Àṣẹ

Láti ìgbà tí ojú Raheemah ti fọ́ lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, etí ló fi ń kàwé. Tíṣà ni nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ìdánwò ìgbéga lórí kọ̀ǹpútà ló sì gbé e wá sí Ìjẹ̀bú-Òde láàárọ̀ Sátidé yìí. Oṣù méjì ṣáájú ló ti kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò náà pé kí wọ́n bá òun fi ètò tó máa ń ka ojú kọ̀ǹpútà sétígbọ̀ọ́ èèyàn sórí ẹ̀rọ kan. Wọ́n fi sí i lóòótọ́. Àfi bí ẹ̀rọ yẹn gan-an ṣe kọ̀ tí kò tàn.

Ọ̀gbẹ́ni Frederick, tó ń mójú tó gbọ̀ngàn náà, fà á lọ́wọ́ lọ sídìí ẹ̀rọ mìíràn. Raheemah gbọ́ tó ń tẹ bọ́tìnì, tó dúró, tó tún tẹ̀ ẹ́, tó wá mí kanlẹ̀.

"Kí ló dé, sà?"

"Mo fẹ́ gbé ètò yín wọlé sórí ẹ̀ ni, páásíwọọ̀dù ló ń bèèrè. Ọ̀gá wa nìkan ló mọ̀ ọ́n, Abẹ́òkúta ló wà, fóònù ẹ̀ ò sì lọ."

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ti lọ nínú ọgọ́ta. Ìka àwọn tó ti bẹ̀rẹ̀ ń ró pàkà-pàkà yí i ká.

"Ẹ jẹ́ kí n máa ka ìbéèrè fún yín, mà," Frederick ní. "Ẹ máa dáhùn, kí n máa bá yín tẹ̀ ẹ́."

Raheemah mi orí. Ẹnì kan ti kà á fún un bẹ́ẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Onítọ̀hún ń kánjú, ó ń fo ìlà, Raheemah ló sì fìdí rẹmi.

"Ẹ ṣeun, sà. Fláàṣì mi wà nínú báàgì tí wọ́n gbà lẹ́nu ọ̀nà. Ètò yẹn náà ló wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n inú fláàṣì níbẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. A ò ní gbé e wọlé sórí ẹ̀rọ, kò sì ní bèèrè páásíwọọ̀dù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Frederick rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọn ò gba fláàṣì wọ ibí, mà. Tí wọ́n bá ní mo bá yín kó ìdáhùn wọlé ńkọ́? Iṣẹ́ mi nìyẹn."

"Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó lò ó. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan mìíràn níbẹ̀, ẹ lé mi jáde."

Ẹsẹ̀ Frederick ró lọ. Raheemah jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́, kò mọ̀ bóyá fláàṣì ló lọ mú àbí ẹni tí yóò mú òun síta. Nígbà tó padà, obìnrin kan tẹ̀ lé e.

"Jessica lorúkọ mi, mà. Èmi ni wọ́n rán wá ṣọ́ ìdánwò yìí. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i."

Wọ́n ṣí fláàṣì náà. Jessica wò ó títí, ó ní kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Frederick fi íápíìsì lé Raheemah létí, ó tẹ ètò náà.

Kò dún.

Raheemah na ọwọ́, ó fi ìka tọ wáyà íápíìsì náà débi tí wọ́n tì í bọ̀. "Ihò gbohùngbohùn lẹ fi í sí, sà. Ẹ tì í bọ ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀."

Bí Frederick ti fi í síbẹ̀, ohùn náà bọ́ sí i létí, ó ń sáré bó ṣe máa ń sáré nílé. Omijé lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ṣé ẹ máa fi àkókò tó ti lọ kún un fún mi?"

"Mi ò lágbára ìyẹn, mà," Jessica dáhùn. "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì."

Raheemah ṣe bísímílà, ó gbé ìka lé bọ́tìnì. Kò gbé orí sókè mọ́. Nígbà tí aago lù, ìbéèrè mẹ́fà ló kù tí kò fọwọ́ kàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, èsì dé sórí fóònù rẹ̀. Àádọ́ta ni wọ́n fi ń yege, mọ́kànlélọ́gọ́ta lòun gbà. Ó ní kí fóònù kà á sí òun létí lẹ́ẹ̀mẹta. Síbẹ̀, ó nawọ́ fóònù náà sí Rídwàn, ọkọ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ bá mi fojú wò ó."