Ṣíbí Ṣúgà Kan fún Ìgò Kọ̀ọ̀kan

Ìgò bíà kìíní bú gbàmù nígbà tí Àǹtí mi ń ṣàlàyé bí a ṣe ń rẹ ọkà bálì. Ó dún bí ìbọn. Àwókù rẹ̀ fò kọjá lórí wa, ọ̀kan sì ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí a ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ láti etí dé ẹnu. Kí a tó lanu, ìkejì bú, ìkẹta tẹ̀ lé e. Àǹtí mi fò kọjá tábìlì, ó dà bo ọmọ náà, ó sì fi ẹ̀yìn gba ìyókù.

Ilé-iṣẹ́ omi ni Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ti ń ṣiṣẹ́. Fàájì rẹ̀ ni bíà tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ pọn nílé. Gbogbo Sátidé ló ń kọ́ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà kan ní yàrá tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn yà fún un. Èmi ni igbákejì rẹ̀.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ méjì gbé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ sílé ìwòsàn. Èmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo mọ ohun tó fà á.

Ṣúgà díẹ̀ ló máa ń jẹ́ kí bíà hó nínú ìgò; tó bá ti pọ̀ jù, ìgò á bú. Lọ́jọ́ tí a rọ ọ́ sígò, Àǹtí mi ti po ṣúgà mọ́ gbogbo rẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó pè é síta. Ọkàn mi wà lára ìwé kan tí mo kà mọ́jú, mi ò rí i nígbà tó ń pò ó, mo sì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣíbí ṣúgà kọ̀ọ̀kan sí ìgò kọ̀ọ̀kan, bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni mo rí abọ́ ṣúgà rẹ̀ tó ti ṣófo. Mo mọ̀ pé a ti fi sí i lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Bàbá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọlé. Alápatà ni, ó ti pàdé ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó fa Àǹtí mi lọ́rùn aṣọ, ó gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri.

"Ìwọ lo ń kọ́ ọmọ mi ní ọtí pípọn?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ mi ná."

"Ẹ̀gbọ́n ta ni?" Ó gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́nu. Eyín kan bọ́ sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ga fíofío dì í mú. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, sà."

"Imú rẹ ti sú ọ, àbí?" Ó fi ìgúnpá fọ́ ọ nímú.

Àǹtí mi tu ẹ̀jẹ̀. "Ooru ni. Yàrá yìí ló gbóná jù. Àwọn ìgò tó wà nílé yín ò ní ṣe nǹkan kan."

 Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbé ìgò méjì lọ sílé.

"Àǹtí, kì í ṣe ooru," mo ní. "Èmi ni. Mo ní kí wọ́n fi ṣúgà sí i lẹ́ẹ̀kejì."

"Ìgò mélòó?" Àǹtí mi béèrè.

"Gbogbo ẹ̀."

Alápatà náà fi aṣọ Àǹtí mi sílẹ̀. Ó fọ́ mi létí títí mo fi ṣubú. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Tiwa wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi. Kò lè dìde."

Àǹtí mi ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pe ilé wọn, kí gbogbo èèyàn bọ́ síta. Ó ju ìborùn nínípọn kan sí mi. "Ìwọ lo máa kó àwọn ìgò náà."

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ó yẹ kó bà ọ́."

Ilé alápatà náà kò jìnnà. Àwọn ìgò náà fara ti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì gan-an, kò sẹ́ni tó lè gbé ìyá àgbà náà láìmì wọ́n. Mo dojú bolẹ̀, mo na ọwọ́ sábẹ́.

"Ta ló wà lábẹ́ mi yẹn?" ìyá náà bi mí.

"Èmi ni, Mámà. Ẹ má mira."

"Ṣé mo tún lè mira ni?"

Mo ká ìborùn mọ́ ìkíní, mo rọra gbé e sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì irin tí a gbé wá. Bí mo ṣe tú u tí mo ń ká a mọ́ ìkejì, ìgò náà bú sí mi lọ́wọ́. Mo gbọ́ igbe tí mi ò mọ̀ pé èmi ni mo ń ké. Nígbà tí mo wo ọwọ́ òsì mi, ìka méjì ti lọ. Alápatà náà gbé ìyá rẹ̀ kọjá lórí mi, kò wò mí.

Àǹtí mi fi gèlè rẹ̀ dì mí lọ́wọ́ pinpin. Ẹnu rẹ̀ ti wú.

"Ilé-ìwòsàn lo ń lọ," ó ní.

"Ó ku ilé márùn-ún. Ta ló máa kó tiwọn?"

 Ó gba ìborùn náà lọ́wọ́ mi, ó gbọn àwókù inú rẹ̀ dànù, ó sì jáde.