Àga Inú Fíìmù

Monílọ́lá kórìíra fíìmù tí wọ́n bá ti ń fi olùkọ́ ṣe akínkanjú. Gbogbo wọn kò ju ọ̀kan náà lọ: olùkọ́ á wọ kíláàsì, á sọ ọ̀rọ̀ ìṣírí kan, orin á bẹ̀rẹ̀, olódo á di dókítà kí ẹ tó ṣẹ́jú. Kò sẹ́ni tó ń máàkì ìwé níbẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún lòun ti ń kọ́ni ní ìṣirò ní Oǹdó, kò gbọ́ orin kankan rí.

Síbẹ̀, nígbà tí Johnson tó ń ṣe fíìmù ní Àkúrẹ́ wá tọrọ kíláàsì rẹ̀ láti ya fíìmù níbẹ̀, ó gbà. Lọ́dún náà tí ìlú le koko, ilẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń jókòó sí. Bí olùbẹ̀wò ètò ìdánwò bá dé ní Ọjọ́bọ̀ tí kò bá àga, wọn kò ní ṣe ìdánwò àṣekágbá níbẹ̀ mọ́, Àkúrẹ́ ni wọn yóò máa lọ. Ti Precious ló ká Monílọ́lá lára jù. Ọmọ yẹn a máa yanjú ìṣirò kí òun tó kọ ọ́ tán sójú pátákó, ìyá rẹ̀ kò sì rí jẹ, áḿbọ̀sì owó ọkọ̀. Johnson sì ń kó ogójì àga bọ̀ fún fíìmù náà.

Ògiri kan ṣoṣo tí kámẹ́rà máa rí ni wọ́n kùn. Wọ́n kán nǹkan sójú òṣèré tó ṣe olùkọ́ kó lè rí ẹkún sun. Ọ̀kan tó ṣe akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tó ti lówó wá dìde, ó ní: "Mo fi ogójì àga yìí ta ilé-ìwé mi lọ́rẹ!" Ọ̀gá ilé-ìwé gan-an, tí kì í ṣe òṣèré, bú sádùúrà, gbogbo wọn ṣe àmín. Àdúrà tí èèyàn ṣe àmín sí, ta ló máa pè é ní eré?

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Monílọ́lá wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Johnson.

"Ẹ kú àná o, ẹ ṣeun. Olúwa á san án fún yín."

"Àná wo, mà? Ọkọ̀ ti lọ kó àwọn àga yẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì kan l'Ọ́bà-Ilé la ti yá wọn. Ohun tó wà nínú ìwé eré lọmọkùnrin yẹn sọ."

"Ṣé àmín náà wà nínú ìwé eré ni?"

Johnson rẹ́rìn-ín. Omi bọ́ lójú Monílọ́lá, ìbínú ló fà á. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló kọ́ ẹ?"

Ojú Johnson tàn yòò. "Háà! Ẹ má nu ojú yẹn, mà! Olúgbémiga, tan kámẹ́rà, kíá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Ojú kò ti Johnson rárá. Monílọ́lá pẹ̀yìn dà, ó gba gáréèjì lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, olùbẹ̀wò wo ilẹ̀ gbalasa, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó lọ. Nínú ogójì ọmọ, àwọn méjìdínlógún ló rí ọkọ̀ wọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ ìṣirò. Precious kò sí lára wọn.