Táyà Ẹ̀yìn Apá Ọ̀tún

Ọ̀rọ̀ táyà ló fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ Ìdírísù. Ogun àwọn òyìnbó ti mú kí táyà wọ́n bí ojú ní Lomé, bẹ́ẹ̀ táyà ẹ̀yìn apá ọ̀tún ọkọ̀ ẹrù tó ń wà ń jẹ bí ẹni pé eku ń bá a gé e. Àwọn yòókù ò ṣe nǹkan kan. Bàbá Hàrúnà tó ni ọkọ̀, àgbà oníṣòwò káún tí gbogbo ọjà mọ̀, pè é jókòó.

"Eré àsápajúdé lò ń sá," ni baba wí. "Bí òmíràn bá tún jẹ báyìí, Àlàbá, awakọ̀ tó ń wáṣẹ́ yẹn, ni n ó gbé ọkọ̀ fún."

Ó dun Ìdírísù wọra. Ọkọ̀ yìí ló fi ń jẹun, òun ló fi gbé Kùdírátù níyàwó. Eré wo ló ń sá? Ìgbín tó bá kánjú a yà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà!

Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà náà, kò yanjú. Augustin, ará Atakpamé tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Akodessewa, yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò, kò rí àléébù. Ni wọ́n bá gbé táyà ọ̀tún lọ sósì, wọ́n gbé tòsì wá sọ́tùn-ún. Ẹ wá wo nǹkan: èyí tó lọ sósì sinmi jíjẹ, èyí tó bọ́ sọ́tùn-ún bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

"Écoute, gbọ́, Ìdírísù," ni Augustin wí, "táyà kọ́ ló jẹ̀bi. Kí ló wà lápá ọ̀tún yẹn?"

Ìdírísù ní kò sí nǹkan kan. Kò purọ́, kò rò ó débẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ ọjà Aného, Kùdírátù ra ẹja ní Avépozo, ó dúró de ọkọ rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Bó ṣe rí ọkọ̀ lókèèrè ló bú sẹ́rìn-ín.

"Ọkọ mi, ọkọ̀ yín ń tiro! Ó fì sọ́tùn-ún bí ẹni tó fi ọwọ́ kan gbé garawa omi."

Ìdírísù bọ́ sílẹ̀, ó wò ó. Òótọ́ ni. Gbogbo àpò káún Bàbá Hàrúnà wà lọ́tùn-ún, agbọ̀n òfìfo àwọn obìnrin ọlọ́jà tó wọkọ̀ wà lósì. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tò ó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti gba ọkọ̀. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni; ṣé ẹrù ọ̀gá ni yóò wá gbé sósì?

Bó bá sọ ọ́, ẹjọ́ di tirẹ̀. Bí kò bá sì sọ ọ́, táyà á sọ ọ́.

Ó pín káún náà sí méjì, ó wakọ̀ lọ. Nírọ̀lẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá Hàrúnà. Àlàbá ti jókòó sórí àga níbẹ̀, ó ti fọ ẹsẹ̀ de ọkọ̀.

"Ẹ dákun, Bàbá. Mo ti gbé ìdajì ẹrù yín sápá òsì. Àpọ́nlé tí mò ń ṣe fún yín ló ń jẹ táyà."

Baba gbọ́ ọ délẹ̀. "Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Ìdírísù mú un fún un. Ó ti gbà pé ó parí.

Àfi bí baba ṣe bú sẹ́rìn-ín tí fìlà fi jábọ́ lórí rẹ̀. "Àpọ́nlé! Ó kù díẹ̀ kí àpọ́nlé sọ mí di ẹlẹ́sẹ̀ lásán!" Ó na kọ́kọ́rọ́ padà sí Ìdírísù, ọwọ́ òsì ló sì fi nà án. "Gbà. Òsì náà ń gbé ẹrù."

Ọwọ́ méjèèjì ni Ìdírísù fi gbà á, tomijé tomijé.